Máàkì méjì lórí ọmọ kan náà: kappa mi jẹ́ 0.23, kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Tísà ni mí níbí ní Ìbàdàn, mo sì ń kàwé gboyè kejì lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lórí kíkà Yorùbá sókè láàárín àwọn ọmọ pírámárì kẹta. Mo kọ ìtàn kékeré kan tó ní ọ̀rọ̀ 60, nípa bàbá kan tó lọ wa iṣu lóko. Ọmọ tó bá ka ọ̀rọ̀ 45, ó kéré tán, bó ṣe yẹ ti yege. Èyí tí kò bá yege la fẹ́ fi sí kíláàsì ìrànlọ́wọ́. Tísà méjì ló máàkì ọmọ 50. Àwọn méjèèjì ní ọmọ 44 yege. Ọmọ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ní kò yege. Ọmọ mẹ́ta wà tí tísà kìíní ní ó yege tí tísà kejì ní kò yege. Méjì sì wà tí tísà kìíní ní kò yege tí tísà kejì ní ó yege. Ẹ ó rí i pé wọ́n fẹnu kò lórí ọmọ 45 nínú 50, ìyẹn ìdá 90 nínú 100. Inú mi ti ń dùn kí alábòójútó mi tó ní kí n ṣe kappa, ìyẹn ìṣirò tó ń wo bí àwọn tó ń máàkì ṣe bára mu ju ti èèṣì lọ. Kọ̀ǹpútà gbé 0.23 jáde. Wọ́n ní irinṣẹ́ mi kò ṣeé gbára lé, kí n lọ wá òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé kappa tì, kí n kọ 90 mi sílẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n gbé iṣẹ́ lọ. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Àbúrò, má tíì ju irinṣẹ́ nù, má sì fi kappa pamọ́. Mo jókòó ti ìṣirò rẹ, mo fi bírò ṣe é lórí ìwé lẹ́ẹ̀mejì, 0.23 náà ló ń jẹ́. Ìdá 90 náà kò ní àṣìṣe. Ìbéèrè tí nọ́ńbà méjèèjì ń dáhùn ló yàtọ̀ síra, ìyẹn ló fà á tí ìwọ àti alábòójútó rẹ kò fi gbọ́ ara yín yé.

Wò ó báyìí. Tísà kìíní ní ọmọ 47 yege, èkejì ní 46. Ká ní wọ́n di etí, tí wọ́n kàn ń pín "yege" kiri ní iye yẹn láìgbọ́ ohùn ọmọ kankan. Èèṣì nìkan ì bá mú wọn bára mu lórí nǹkan bí ọmọ 43 ààbọ̀. Ọmọ 45 ni wọ́n bára mu lé lórí. Etí tí wọ́n wá fi gbọ́, ọmọ kan ààbọ̀ péré ló fi kún ti èèṣì. Bẹ́ẹ̀ ọmọ mẹ́fà ààbọ̀ ló wà láti 43 ààbọ̀ dé 50. Fi mẹ́fà ààbọ̀ pín ọ̀kan ààbọ̀, 0.23 ló máa jáde. Gbogbo ohun tí kappa jẹ́ nìyẹn, láti ọdún 1960 tí Jacob Cohen ti gbé e jáde: nínú àyè tí èèṣì ṣẹ́ kù sílẹ̀, mélòó ni àwọn tó ń máàkì rí kún?

Ká wá ní ìdajì àwọn ọmọ rẹ ni kò mọ̀wéé kà. Tísà méjèèjì fẹnu kò pé 23 yege, wọ́n fẹnu kò pé 22 kò yege, wọ́n sì ta ko ara wọn lórí márùn-ún bíi ti tẹ́lẹ̀. 45 nínú 50 náà ni, ìdá 90 náà ni. Ṣùgbọ́n èèṣì kò lè fún wọn ju 25 lọ níbẹ̀, kappa á sì di 0.80. Tísà kan náà, ìyàtọ̀ márùn-ún kan náà. Àwọn ọmọ tí o kó jọ ló yí padà. Alvan Feinstein àti Domenic Cicchetti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ní 1990, nítorí ó ti ń dààmú àwọn oníṣègùn tó ń yẹ àìsàn tó ṣọ̀wọ́n wò.

* * *

Mo ti ka ohun tí àwọn yòókù sọ. Ọ̀pọ̀ ló ní kí àbúrò wa wá nọ́ńbà mìíràn tí irú èyí kì í ṣe lọ́ṣẹ́. Òótọ́ ni, wọ́n wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní PABAK á fún un ní 0.80. AC1, tí onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Gwet ṣe, á gbé e dé 0.885. Ẹnìkan ní torí irú àtẹ báyìí ni wọ́n ṣe dá AC1 sílẹ̀. N kò bá a jiyàn.

Ohun tí n kò fẹ́ ni ká máa ṣa nọ́ńbà bí ẹni ń ṣa tòmátì ní Bódìjà, tó ń wá èyí tó pọ́n jù. Láti inú àtẹ kan ṣoṣo, a ti ní 0.23, 0.80, 0.885 àti 0.90. Kò sí èyí tó ń purọ́ nínú wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi máàkì náà ṣe? Ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò ní ọmọ tí kò bá yege ló ń lọ sí kíláàsì ìrànlọ́wọ́. Ó dáa. Tísà kìíní pe "kò yege" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tísà kejì pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìpè méje nìyẹn, méjì péré nínú méje ló rí ẹni gbè é lẹ́yìn, ìyẹn 0.29. Ní ti "yege", ìpè 93 ni, 88 rí ẹni gbè é, 0.95. Ẹ rí i báyìí: nígbà tí wọ́n bá ń yin ọmọ, ohùn wọn ṣọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bá ń wá ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́, tó jẹ́ torí rẹ̀ ni gbogbo wa ṣe jáde nílé, ohùn wọn fọ́. Ọmọ márùn-ún ló wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tísà tí wọ́n bá bá pàdé ló máa pinnu bóyá wọ́n máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ọmọ mi, inú mi kò ní dùn sí ìdá 90 yẹn rárá.

Nítorí náà, kọ àtẹ rẹ sínú iṣẹ́ bó ṣe rí, àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 44, 3, 2, 1. Ẹni tó bá ka iṣẹ́ náà lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Mo ní ìbéèrè kan. Ibo ni àwọn tísà méjèèjì ti wá?

* * *

Ẹnìkan fẹ́ mọ ohun tó kan ìlú tísà nínú ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi náà wà lára àwọn tó ń gbọ́ kíkà ọmọ ní ilé-ìwé kan lápá Ọjà'ba. Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi tì mí, tísà àtàtà, obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Yemẹtu ni wọ́n bí mi sí. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni máàkì mi fi ń ga ju tiwọn lọ lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ. Wọ́n rò pé àánú àwọn ọmọ ló ń ṣe mí. Èmi náà rò pé ọwọ́ wọn le. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnìkejì.

Lọ́jọ́ kẹrin, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, a tan ohùn ọmọ kan lórí fóònù, a ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà ka "isu". Mo gbà á, wọ́n fagi lé e. Ó ka "isẹ́". Mo gbà á, wọ́n fagi lé e. Ó ka "sáájú". Ìgbà yẹn la wo ojú ara wa. Ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn mọ̀ pé lẹ́nu ọ̀pọ̀ onílé níbí, ṣ àti s ti di ọ̀kan. Ọmọ yẹn rí iṣu nínú ìwé, ó mọ̀ pé iṣu ni, ó sì pè é bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é nígbà tó bá ń rán an lọ rà á. Mo ní ọmọ yìí mọ̀wéé kà. Àwọn náà ní, "Àmì wà nídìí s. Kí ni wọ́n fi síbẹ̀ fún tí a kò bá ní kà á?"

Wọn kò jẹ̀bi. Èmi náà kò jẹ̀bi. Ìwé ìlànà tí wọ́n kó fún wa ló dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. A gbé e lọ bá ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́, wọ́n sì dá a pé kíkà là ń wọ̀n, ìpè ilé ọmọ kì í ṣe àṣìṣe. Ká ní ìdánwò pípe Yorùbá àjùmọ̀lò ni, tiwọn ni ì bá borí. A tún gbogbo ti ọjọ́ mẹ́ta máàkì.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Kí a tó jókòó yẹn, ẹni tó ń bójú tó ìṣirò ti fi máàkì àwa méjèèjì wá ìbátan, èsì rẹ̀ sì sún mọ́ 1. Ó ní a ń ṣe dáadáa. Ìbátan kò ju pé bí tiyín bá lọ sókè, tèmi náà á lọ sókè. Bí ẹ bá fún ọmọ mẹ́ta ní 20, 30 àti 40, tí èmi fún wọn ní 30, 40 àti 50, ìbátan wa jẹ́ 1 géérégé, a kò sì fẹnu kò lórí ọmọ kankan. Martin Bland àti Douglas Altman ti pariwo èyí nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní 1986: yọ máàkì kan nínú èkejì, wo bí ìyàtọ̀ náà ṣe pọ̀ tó àti apá ibi tó tẹ̀ sí. Ká ní a ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, a ì bá ti rí i pé apá kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀ wa ń tẹ̀ sí.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ní mo ti sọ ọ́ di ìjà Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ ohùn wá. Ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé ni kò ní àmì ohùn lórí. Ọmọ rí "igba" nínú ìwé láìsí àmì. Ó kà á bí igbá tí a fi ń bu omi, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà òjò ni ìtàn ń sọ. Ṣé àṣìṣe ni? Tísà kan á ní lẹ́tà tó wà níbẹ̀ náà ló kà. Òmíràn á ní kò yé e. Mo gbà pé bí ìtàn kò bá ní àmì ohùn, kò tọ́ láti fi ohùn dá ọmọ lẹ́bi àfi tí a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn lè má gbà. Kí a sáà ti jà á tán kí ọmọ àkọ́kọ́ tó wọlé.

* * *

Àbúrò ti padà wá. Ó ní ọmọ Ìbàdàn ni tísà kìíní, ọmọ Èkìtì ni tísà kejì. Ó ní tísà kìíní ló jókòó ti àwọn ọmọ ní kíláàsì, tí òun sì gba ohùn wọn sórí fóònù. Ilé ni tísà kejì ti gbọ́ ọ. Ó tún ní orí WhatsApp ni òun ti fi ohùn náà ránṣẹ́, ìwé máàkì tísà kìíní sì wà lára ohun tí òun fi ránṣẹ́.

Àbúrò, èyí tó kẹ́yìn yìí ló dùn mí jù. Ní kóòtù, bí ẹlẹ́rìí kìíní bá ń rojọ́, ìta ni wọ́n ń ní kí èkejì dúró sí. Ẹlẹ́rìí tó ti gbọ́ tẹnu èkíní kó tó wọlé, ẹlẹ́rìí kan ààbọ̀ ni wọ́n. N kò ní tísà kejì wo máàkì náà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tilẹ̀ ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ka iṣẹ́ rẹ á béèrè, ìwọ náà kò sì ní lè búra. Ìdá 90 tí inú rẹ ń dùn sí lè jẹ́ pé ó ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìkejì: ohun tí tísà méjèèjì ní lọ́wọ́ kò dọ́gba. Ẹni tó wà ní kíláàsì rí ojú ọmọ, ó rí ìka rẹ̀ lórí ìwé. Ẹni tó wà nílé, ohùn nìkan ló ní, bóyá ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò pẹ̀lú. Bí wọ́n bá yàtọ̀, a kò lè mọ̀ bóyá etí ló yàtọ̀ tàbí ohun tí wọ́n fún etí. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ń lo ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ó kàn gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé rẹ.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí mo rí ẹni tó kọ ọ́ pé àwọn aláwọ̀ funfun ló ń fi irú nǹkan báyìí da àwa láàmú.

Ìlú Ìbàdàn yìí ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá lórí àrùn ọpọlọ schizophrenia ní àwọn ọdún 1960, ibùdó mẹ́sàn-án ni wọ́n lò káàkiri ayé, Ìbàdàn sì wà lára wọn pẹ̀lú London, Moscow, Agra, Prague àti àwọn yòókù. Ohun tó le jù níbẹ̀ ni bí dókítà Ìbàdàn àti dókítà Moscow yóò ṣe máa sọ ohun kan náà nígbà tí wọ́n bá rí ohun kan náà. Ìbéèrè alákọsílẹ̀ kan ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ́ àwọn tó máa lò ó. Kò pọ̀ lójú wọn, torí láyé ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n rí i pé àwọn dókítà New York ń pe àrùn yẹn mọ́ aláìsàn ju bí dókítà London ṣe ń pè é lọ, tó sì jẹ́ pé ojú àwọn dókítà ló yàtọ̀ jù, kì í ṣe ara àwọn aláìsàn.

Lẹ́yìn náà, Ìdíkàn, àdúgbò kan níbí ní Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1990 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogunniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 wò níbẹ̀, tí àwọn kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ Áfíríkà-Amẹ́ríkà ní Indianapolis. Ní 1995 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé àrùn ìgbàgbé wà lára ìdá 2.29 nínú 100 níbí, ó sì jẹ́ 8.24 lọ́hùn-ún. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Ohun tí ẹnikẹ́ni máa kọ́kọ́ béèrè ni pé, ṣé kì í ṣe irinṣẹ́ ló yàtọ̀? Bàbá tí kò ka ìwé rí láyé rẹ̀, ṣé ìdánwò ìwé lẹ máa fi mọ̀ bóyá ó ń gbàgbé? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe irinṣẹ́ tó bá ẹni tí kò mọ̀wéé mu, tí wọ́n fi ń béèrè lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú, tí àwọn dókítà ìlú méjèèjì sì ń jọ yẹ ẹjọ́ wò kí wọ́n tó fún àìsàn lórúkọ. Ẹsẹ̀ ni a fi lè rìn láti Ìdíkàn dé ibi tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé. Iṣẹ́ wa ni.

Ọ̀rọ̀ máàkì pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní 1912 ní Amẹ́ríkà, Daniel Starch àti Edward Elliott fi ìwé ìdánwò kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ tísà èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnìkan fún un ní 64, ẹlòmíràn fún un ní 98. Àwọn èèyàn ní èdè ló fà á, ìṣirò kò lè rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n fi ìwé jiọ́mẹ́tírì ránṣẹ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì gbòòrò ju ti èdè lọ: ẹni tó kéré jù fún un ní 28, ẹni tó pọ̀ jù lé ní 90. Ìyẹn ni ẹni tó bá ń máàkì WAEC kì í fi í kàn gbé ìwé lọ sílé. Wọ́n á kọ́kọ́ jókòó ìpàdé, wọ́n á jọ máàkì ìwé díẹ̀, wọ́n á jiyàn lórí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, olórí wọn á sì máa tún lára èyí tí wọ́n ti máàkì yẹ̀ wò.

* * *

Sí ẹni tó ní, "Bí àwọn méjèèjì bá ti fẹnu kò, ọ̀rọ̀ tán": ó ku díẹ̀. Bí ìyálọ́jà méjì bá ra kóńgò tí wọ́n ti lù wọnú nídìí, tí wọ́n sì fi wọn gàrí kan náà, iye kan náà ni wọ́n máa pè. Wọn ò ní ta ko ara wọn láéláé. Oníbàárà ló máa délé tí ò ní rí gàrí rẹ̀ kó pé. Ká ní ọmọ Èkìtì ni tísà méjèèjì, kappa àbúrò wa ì bá ga, gbogbo ọmọ tó sọ "isu" ì bá sì ti wà ní kíláàsì ìrànlọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí pé kappa dára.

* * *

Ní ti alábòójútó. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n sì ṣe dáadáa bí wọ́n ṣe béèrè kappa. Ibi tí n kò bá wọn dé ni "irinṣẹ́ kò ṣeé gbára lé". Irinṣẹ́ kì í dá ṣeé gbára lé. Ó ṣeé gbára lé lọ́wọ́ àwọn kan, lórí àwọn kan, pẹ̀lú ìlànà kan. Fún tísà tí o kò tíì kọ́ ní ìtàn tó dára jù láyé, nǹkan kan náà ló máa ṣẹlẹ̀.

Ìwọ̀n tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí, ti Landis àti Koch ní 1977, tó ní 0.21 sí 0.40 dára díẹ̀, 0.61 sí 0.80 pọ̀, ohun tó bá ju ìyẹn lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, àwọn tó ṣe é fúnra wọn sọ pé àwọn kàn fi ojú dá ààlà rẹ̀ ni. Ní 2012, Mary McHugh ní ó dẹ̀ jù fún ọ̀rọ̀ ìlera. Kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣe òfin.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ọmọ 50 kéré. Pẹ̀lú bí "kò yege" ṣe ṣọ̀wọ́n nínú àtẹ rẹ, ìṣirò tó rọrùn jù fi hàn pé kappa rẹ gan-an lè wà níbikíbi láti 0.40 nísàlẹ̀ òdo títí dé 0.87. Àyè yẹn gba gbogbo ènìyàn. Ìwọ kò lè fi yangàn, alábòójútó náà kò sì lè fi dá irinṣẹ́ lẹ́bi. Kọ ààlà yẹn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 0.23, kí o fi hàn wọ́n. Fi pẹ̀lẹ́tù ṣe é; "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo èyí" ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

* * *

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó. Ohun tí mo máa ṣe nìyí bó bá jẹ́ èmi.

Pe tísà méjèèjì jókòó sí ibì kan lọ́jọ́ Sátidé. Ra nǹkan jíjẹ fún wọn. Má fi ohùn àwọn ọmọ 50 rẹ bẹ̀rẹ̀. Gba ohùn ọmọ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá mìíràn tí kò sí nínú iṣẹ́ rẹ, kí wọ́n máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí wọ́n wá jọ ṣí ìwé, kí wọ́n jà. Jẹ́ kí wọ́n jà dáadáa. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti jà, kọ ìlànà kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ìpè Ìbàdàn, ó wọlé àbí kò wọlé? Ọmọ tó ṣì í pè tó sì tún ara rẹ̀ ṣe ńkọ́? Nínú ìdánwò kíkà EGRA tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó tún ara rẹ̀ ṣe ti gbà á, ọmọ tó bá sì dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 3, wọ́n á ní kó kọjá sí ọ̀rọ̀ tó kàn, wọ́n á sì ka èyí tó fi sílẹ̀ sí àṣìṣe. Ìwọ lè má gba ìlànà yẹn, ṣùgbọ́n ní ìlànà kan.

Lẹ́yìn náà, kí oníkálukú tún ọmọ 50 náà máàkì látinú ohùn, lọ́tọ̀, láìrí ti ẹnìkejì. Kó má sì jẹ́ yege tàbí kò yege nìkan. Kí wọ́n kọ iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ kà bó ṣe yẹ nínú 60. Ọmọ tó gba 44 àti ọmọ tó gba 9, "kò yege" kan náà lo pè wọ́n, ohun púpọ̀ sì sọnù níbẹ̀. Bí o bá ti ní iye, o lè lo ICC, nọ́ńbà tó ń wọn bí iye tí àwọn tó ń máàkì fún ọmọ ṣe bára mu, tí Shrout àti Fleiss to ẹ̀yà mẹ́fà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1979, kí o sọ ẹ̀yà tí o lò, kí o sì yọ máàkì kan nínú èkejì bí mo ṣe wí lókè.

Ẹnìkan ti ní ìyànjẹ ni kí a tún un máàkì lẹ́yìn tí nọ́ńbà kìíní kò dára. Ìyànjẹ ni bí o bá gbé ti àkọ́kọ́ pamọ́. Gbé méjèèjì jáde: kí wọ́n tó jókòó, àti lẹ́yìn tí wọ́n jókòó. Èmi gbà pé apá yẹn ló máa wúlò jù fún tísà mìíràn nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ.

Bí àyè bá wà, wá àwọn ọmọ tí kíkà nira fún kún un, torí ọmọ tí wọ́n pè ní kò yege kéré débi pé a kò lè mọ̀ bóyá wọ́n fẹnu kò lórí wọn. Mọ̀ pé kappa lè ga nítorí ìyẹn nìkan láìjẹ́ pé etí tísà kankan já gaara sí i. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

* * *

Mo rí ohun tí o kọ lálẹ́ àná, àbúrò. O ṣeun tí o padà wá sọ fún wa. O ní ẹ jókòó, ẹ fi ohùn àwọn ọmọ mìíràn jà, kí ẹ tó ṣí ti àwọn márùn-ún tó dá wàhálà sílẹ̀. Mẹ́ta tí tísà kejì ní kò yege, "isu" àti "isẹ́" ló fà á. Ó dùn mọ́ mi nínú pé tísà kejì fúnra wọn ló kọ́kọ́ sọ pé kí ìpè ilé wọlé. Ọ̀kan nínú méjì yòókù, tísà kìíní ló ka ìṣẹ́jú-àáyá lórí aago nígbà tí ọmọ dúró, tísà kejì dúró dè é. Ìlànà á tán ìyẹn.

Ọmọ tó kẹ́yìn ni o ní ẹ kò lè parí. Tísà kejì ní ohùn rẹ̀ já gaara, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àṣìṣe kankan, wọ́n tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tísà kìíní ní àwọn wà níbẹ̀, ojú ọmọ náà kò sí lórí ìwé. Fèrèsé ló ń wò. Ó ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn tó wọlé ṣáájú rẹ̀, ó há a sórí.

Mo gba tísà kìíní gbọ́, ṣùgbọ́n fóònù kò lè jẹ́rìí sí i, atúnmáàkì kò sì lè tán an. Lọ bá ọmọ náà lọ́jọ́ Ajé. Kọ ìtàn mìíràn tó ní ọ̀rọ̀ 60, tó le tó ti àkọ́kọ́, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà sókè ní ilé-ìwé yẹn. Kí tísà méjèèjì jókòó síbẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí oníkálukú fi ọwọ́ bo ìwé máàkì rẹ̀.